Ìwọ̀n Ọkùnrin Bẹ́ẹ̀dì Kẹfà

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta yìí ti di oṣù márùn-ún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ kú ìjókòó ìdí maṣíìnì ìránṣọ. Ṣé ara le? Ẹ̀yìn tó máa ń dùn yín ńkọ́? Ẹ bá mi kí Oníbàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù yín. Ká ní etí yín ṣì ń gbọ́ fóònù ni, ǹ bá máa pè yín lójoojúmọ́, àmọ́ maṣíìnì ti gba etí lọ́wọ́ yín, ìwé ló kù fún wa bí àwọn ará àtijọ́.

Wọ́n ti gbé mi kúrò níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ nílé ìwòsàn yìí. Yàrá àwọn tí àìsàn wọn le jù ni mo wà báyìí. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ péré ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ló sì ń bá ọ̀pọ̀ nínú wọn mí. Èmi kọ́ ni mò ń tọ́jú wọn o, iṣẹ́ ìwádìí ni tèmi. Ṣé ẹ rí i, oúnjẹ tí èèyàn bá jẹ, ńṣe ni ara máa ń sun ún bí iná ṣe ń sun igi, ibẹ̀ ni agbára ti ń wá. Tí àìsàn bá le gan-an, iná yìí á yíwà padà. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ á lọ sílẹ̀, ẹni tó bá ń rọ oúnjẹ sí i nígbà yẹn, ó ń pa á lára ni. Tó bá yá, á rú sókè, á máa jó ju ti ẹni tó ń ṣe lébìrà lọ, bẹ́ẹ̀ orí ìbùsùn lẹni náà wà tí kò gbé ìka. Bí oúnjẹ ò bá wá tó o, ẹran ara aláìsàn náà ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Itan ló kọ́kọ́ máa ń mú. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé kò ní ariwo kankan. Èèyàn á sùn kalẹ̀, á máa jẹ ara rẹ̀.

Ọjọ́ tí iná yẹn ń yí padà lára ẹnì kọ̀ọ̀kan là ń wá, ká lè mọ iye oúnjẹ tó yẹ ẹ́. Níbi púpọ̀, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ń fún gbogbo aláìsàn. Ẹ̀yin náà ẹ sì mọ bí aṣọ tí wọ́n rán sílẹ̀ de ẹni tó bá wá rà á ṣe máa ń rí lára èèyàn. A ní ẹ̀rọ kan tó ń gba èémí wọn, tó ń sọ fún wa bí iná náà ṣe ń jó tó. Láràárọ̀, èmi náà á fi téèpù wọn itan àti apá wọn, kí n lè mọ ohun tó ń dín.

Ibi téèpù yìí gan-an ni mo ti nílò yín. Tí nọ́ọ̀sì méjì bá wọn èèyàn kan ṣoṣo, nọ́ńbà méjì ni wọ́n ń mú bọ̀. Ọkùnrin kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹfà. Iná ló jó o ní ilé ìkẹ́rù kan tí wọ́n ń kó fóòmù sí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, kò sí ìwé kankan lápò rẹ̀, báńdéèjì sì bo ojú rẹ̀ pátá. Rọ́bà la fi ń bọ́ ọ. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ń wọ̀n ọ́n lọ sókè. Íǹṣì ni gbogbo rẹ̀: ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ òsì mẹ́rìnlá àti ààbọ̀, ọ̀tún mẹ́tàlá àti ààbọ̀, itan mọ́kànlélógún. Apá òsì láti èjìká dé ọrùn ọwọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọ̀tún márùndínlọ́gbọ̀n. Ṣé mo wọ̀n ọ́n dáadáa? Báwo lẹ ṣe ń wọn ẹni tí ò lè dìde dúró?

Ọmọ yín tí ẹ sọ ní Akọ̀wé


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kìíní

Akọ̀wé mi,

Ìwé ẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Oníbàtà ló gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń pín ìwé, láti ojú títì ló ti ń pariwo bọ̀ bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Oṣù márùn-ún gbáko! Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Àmọ́ ìwọ lo dákẹ́ o, tèmi ló ń bá ẹ dákẹ́. Ṣé ìgbà tó o bá nílò téèpù lo máa ń rántí pé o ní bàbá? Ó dáa, mo ti bínú tán. Ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí, ó ti di ọ̀rẹ́.

Gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Má fa téèpù. Ki ìka kan bọ abẹ́ ẹ̀ kó o tó ka nọ́ńbà. Wá àárín ìbàdí àti orúnkún, fi báírò sàmì síbẹ̀, kó má ṣe kúrò níbẹ̀ láéláé. Wákàtí kan náà ni kó o máa wọ̀n ọ́n. Tó o bá rí i pé itan ẹ̀ tóbi sí i lọ́jọ́ méjì, má tíì yọ̀ o. Aṣọ tó bá mu omi náà máa ń wúwo, kò sọ pé ó dàgbà.

Ohun tó mú mi tètè dáhùn nìyí. O ní láti ọrùn ẹsẹ̀ lo ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló kọ́ ẹ? Láti ọmọ ọdún méje lo ti ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù yìí, ṣé o rí mi rí kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀? O ò lè rí mi, torí mi ò mú ẹ dání rí tí wọ́n bá pè mí lọ wọn òkú. Òkú nìkan la máa ń wọ̀n láti ẹsẹ̀ lọ sókè. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, bí ọ̀gá tiẹ̀ ṣe kọ́ òun náà nìyẹn. Tó bá jẹ́ alààyè, ọrùn la ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí èémí ń gbà. Mi ò mọ̀ bóyá ó ní nǹkan tó ń ṣe fún èèyàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ogójì ọdún, mi ò dán an wò rí. Láti ọ̀la lọ, bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, kó o sì kí i kó o tó fọwọ́ kàn án. Oníbàárà ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Látìgbà tí mo ti ka àwọn nọ́ńbà yẹn, mi ò lè ti ẹsẹ̀ bọ maṣíìnì. Wọn ọrùn ẹ̀ fún mi, wọn ẹ̀yìn láti èjìká sí èjìká, wọn ìbàdí. Tètè fi ránṣẹ́. Má bi mí nídìí ẹ̀.

Bàbá ẹ


Ọjọ́ kejì, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú àìsùn, torí mo mọ̀ pé ẹ ò sùn. Ìwé yín dẹ́rù bà mí. Mo kà á tán, mo wo ọwọ́ mi. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi wọn alààyè bí òkú, nínú ilé tí a ti ń bẹ Ọlọ́run kó má kú.

Mo ti yí i padà. Láràárọ̀ mo máa ń sọ pé, "Ẹ káàárọ̀ sà, mo fẹ́ wọ̀n yín," àwọn nọ́ọ̀sì á bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́ o. Lánàá, nọ́ọ̀sì àgbà fa etí mi, ó ní ta ló ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára aláìsàn. Ìlà funfun tín-ín-rín kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀, òmíràn wà lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí èjìká rẹ̀ parí sí. Mo ní kì í ṣe èmi, báírò lèmi ń lò. Wọ́n nù ún. Nígbà tí mo dé lónìí, ó tún wà níbẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé páúdà inú ìbọ̀wọ́ ni. Ẹ bá mi gbà pé páúdà ni.

Kò yẹ kí n fi èyí tẹ̀ lé e ránṣẹ́ sí yín, torí nǹkan aláìsàn kì í jáde nílé ìwòsàn. Àmọ́ ẹ ò bẹ̀ mí báyìí rí láyé yín. Ọrùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ààbọ̀. Ẹ̀yìn méjìdínlógún. Ìbàdí mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Itan rẹ̀ ti di ogún àti díẹ̀. Iná náà ti yí padà lára rẹ̀, ó dá mi lójú. Ó ń jẹ ara rẹ̀.

Ẹ sọ fún mi, Bàbá. Kí lẹ rí?

Akọ̀wé yín


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejì

Akọ̀wé,

Wá àga kó o jókòó. Ẹ̀gbọ́n ẹ ni.

Mo ti ṣí ìwé ìwọ̀n àtijọ́, ojú ewé tí ìwọ fúnra ẹ fi ọwọ́ ọmọdé kọ. Ọrùn, ẹ̀yìn, apá òsì tó fi íǹṣì kan gùn ju ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì tó fi íǹṣì kan sanra ju ọ̀tún. Ogójì ọdún ni mo ti ń wọn èèyàn. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo rí ara yẹn, lára mi àti lára ọmọ mi. Òun ló kó ara mi láìku ẹyọ kan. Nígbà tó wà nílé, tí kò bá sí nítòsí, ara mi ni mo máa ń wọ̀n kí n tó gé aṣọ ẹ̀, á sì bá a mu rẹ́gí.

O ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà tó lọ, àmọ́ a ò jẹ́ kó o gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó gé aṣọ oníbàárà kan bàjẹ́, aṣọ olówó iyebíye. Mo bú u lójú gbogbo èèyàn. Ó ní òun ò fẹ́ iṣẹ́ télọ̀ rí, èmi ni mo fi í síbẹ̀. Mo ju báàgì ẹ̀ síta. Mo ní, "Kí n má rí ojú ẹ mọ́ títí ayé mi." Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì la fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi tì í. Ọdún mọ́kànlá rèé, mi ò rí ìwé, mi ò gbọ́ ohùn. Ẹyin lohùn, èmi ni mo là á mọ́lẹ̀.

Wò ó báyìí. Ìwọ̀n ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi látọrùn dé ẹsẹ̀. Ojú ẹ̀ nìkan ni báńdéèjì bò. Ohun tí mo fẹnu mi tọrọ gan-an ni wọ́n fún mi. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi.

Itan ẹ̀ lónìí jẹ́ mọ́kàndínlógún àti ààbọ̀. Oúnjẹ tí ẹ ń fún un ò tó o. Ẹni tí ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ méjìdínlógún kì í ṣe èèyàn kékeré, egungun kì í purọ́. Ìwọ̀n ta lẹ fi ń bọ́ ọ?

Bàbá yín


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrójú.

Mo ṣí ìwé iṣẹ́ mi. Ní ọjọ́ kọkànlá, itan bẹ́ẹ̀dì kẹfà jẹ́ mọ́kàndínlógún àti ààbọ̀. Èmi ni mo kọ ọ́, aago mẹ́jọ àárọ̀. Ọjọ́ kan náà lẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín. Kò sí ọkọ̀ òfuurufú tó lè gbé e dé ọ̀dọ̀ yín, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?

Mo lọ bá dókítà àgbà. Mo ní oúnjẹ bẹ́ẹ̀dì kẹfà ò tó. Ó ní wọ́n ti ṣírò ẹ̀ láti orí ìwọ̀n ara rẹ̀. Mo ní ìwọ̀n ara wo, ṣebí ojú lásán la fi wò ó lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, tó kákò bí ọmọdé? Ó bi mí ta ló sọ fún mi. Mo ní bàbá mi ni, télọ̀ ni wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gba èémí ti bàjẹ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe lọ́jọ́ yẹn ni. Mo bẹ̀ ẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé e dé bẹ́ẹ̀dì kẹfà. Nígbà tí nọ́ńbà jáde, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Iná tó ń jó lára ọkùnrin yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí a ń fún un. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi kún oúnjẹ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí gbogbo wọn lọ, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, mo fi orúkọ tí ìyá wa máa ń pe ẹ̀gbọ́n mi pè é. Kò ṣe nǹkan kan. Èémí rẹ̀ ò yí. Bàbá, ojú ń tì mí. Bí wọ́n bá ṣí báńdéèjì yẹn lónìí, mi ò mọ̀ bóyá màá dá ẹ̀gbọ́n mi mọ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ nìkan ni mo rántí.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ń jẹun?

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

Akọ̀wé mi, a-bá-dókítà-jà,

O ṣeun, o ṣeun, o ṣeun. Sọ fún dókítà ẹ pé tó bá fẹ́ ṣòkòtò, màá rán an lọ́fẹ̀ẹ́, kó má rẹ́rìn-ín télọ̀ mọ́.

O bi mí bí mo ṣe mọ̀. Mo ti sọ fún ẹ pé ara mi ni mo fi ń gé aṣọ ẹ̀. Láti ọjọ́ tí ìwé ẹ kọ́kọ́ dé ni mo ti ń wọn itan mi láràárọ̀. Ó ń dín. Oníbàtà máa ń gbé oúnjẹ wá, á dúró lé mi lórí, màá jẹ òkèlè méjì, ọ̀nà ọ̀fun á dí. Ó ní kí n lọ sílé ìwòsàn. Mo ní mo wà níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Má rò pé orí mi ti dàrú. Ṣé o mọ̀ pé mo máa ń tòògbé ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán. Tí ojú mi bá ti pa dé, màá bá ara mi ní yàrá kan tí ilẹ̀ ẹ̀ tutù. Fèrèsé wà níbẹ̀, wọn kì í ṣí i. Gílóòbù kékeré kan ń ṣẹ́jú, àwọ̀ ewé ni. Nọ́ọ̀sì kan máa ń kọjá, bàtà ẹ̀ ọ̀tún ń dún, tòsì kì í dún. Téèpù á wà lọ́rùn mi, ṣọ́ọ̀kì á wà lọ́wọ́ mi. Màá kí i, màá wọ̀n ọ́n látọrùn. Tí n bá jí, ìka mi á tutù bíi yìnyín nínú oòrùn ọ̀sán gangan.

Láti ọjọ́ tí ẹ ti fi kún oúnjẹ ẹ̀ ni ebi ti ń pa mí. Lánàá, mo jẹ àwo mi tán, mo tún wo ti Oníbàtà.

Tó bá lajú, má kọ́kọ́ bi í ní orúkọ. Sọ fún un pé mo ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì, kó forí jì mí. Má sì fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ o. Òun fúnra ẹ̀ ni kó gbé ojú ẹ̀ wá bá mi, ìyẹn tó bá fẹ́.

Bàbá yín


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta

Akọ̀wé mi,

Mi ò lè dúró kí ìwé ẹ dé. Ẹ̀gbọ́n ẹ mi orí sí mi.

Lónìí, nígbà tí ojú mi pa dé, mi ò wọ̀n ọ́n. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì lórí ilẹ̀ tútù yẹn, èmi bàbá. Mo ní, "Ọmọ mi, dárí jì mí." Báńdéèjì wá yí sọ́dọ̀ mi, ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì pé òun gbà. Mo ní o ṣeun. Mo jí, omi ti rẹ ẹ̀wù mi níwájú. Mo pe Oníbàtà, mo ní kó gbé oúnjẹ wá, kó gbé e wá kó pọ̀. Òun náà ń sunkún, kò mọ ohun tó ń sunkún sí.

Mo ti gé aṣọ. Ọrùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ààbọ̀. Mo fẹ́ kó rí nǹkan wọ̀ jáde níbẹ̀.

Ọkàn mi fúyẹ́, ọmọ mi. Mi ò rántí ìgbà tó fúyẹ́ báyìí kẹ́yìn.

Bàbá yín


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìfojúsọ́nà. Mo ti ya ìwé mẹ́ta kí n tó kọ èyí.

Ọkùnrin bẹ́ẹ̀dì kẹfà ti jí. Wọ́n yọ rọ́bà ọ̀fun rẹ̀ lánàá, wọ́n sì ṣí báńdéèjì ojú rẹ̀. Itan rẹ̀ ti padà di ogún. Dókítà ní ká kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwádìí wa, pé òun náà ti kọ́gbọ́n.

Bàbá, kì í ṣe òun. Awakọ̀ akẹ́rù ni. Ó wọ ilé ìkẹ́rù yẹn lọ sùn kí wọ́n tó já ẹrù rẹ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ ti ń wá a kiri láti ọjọ́ yìí, ó dé lónìí pẹ̀lú ọmọ méjì. Iná ti ba ojú náà jẹ́, síbẹ̀ obìnrin yẹn ò tíì dé ìdí bẹ́ẹ̀dì tó ti ń pariwo orúkọ rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́, mo ń sunkún. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni.

Ohun tó tún kù rèé. Nígbà tí ohùn rẹ̀ jáde, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Bàbá arúgbó yẹn dà?" Mo ní bàbá wo. Ó ní, "Ẹni tó máa ń wá lọ́sàn-án nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bá ń pààrọ̀ iṣẹ́. Báńdéèjì bo ojú mi, síbẹ̀ mò ń rí i: téèpù máa ń wà lọ́rùn ẹ̀, ó fi òwú dúdú so awò ojú ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ tutù, àmọ́ ó máa ń kí mi kó tó fọwọ́ kàn mí." Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ awò yín rí. Ó ní, "Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n yọ rọ́bà, kò wọ̀n mí. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n dárí ji òun. Mo fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe èmi ló ń wá, rọ́bà ò jẹ́. Mo rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an. Mo bá mi orí." Ó ní, "Ṣé mo ṣe ohun tí ò dáa?"

Mo ní màá béèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ dárí jì mí, Bàbá.

Akọ̀wé yín


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta

Bàbá mi dáadáa,

Ẹ kú oríire! Ìwé yín ti ọjọ́ kejìlá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ni. Mo kà á lórí ìdúró ní ẹnu ọ̀nà, mo tún un kà.

Òun ni, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ti jí, ó ń jẹun fúnra rẹ̀, ó sì kí yín. Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì lè di báírò mú, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí ìwé rẹ̀. Ó ní òun ò ní nǹkan kan nínú sí yín mọ́. Ẹ̀rín rẹ̀ ò yí padà.

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Bí ìwé kan bá dé tí mo kọ ọjọ́ kẹrìnlá sí lórí, ẹ má ṣí i. Ẹ jẹ́ kí Oníbàtà sọ ọ́ síná. Ibà ló ń ṣe mí nígbà tí mo kọ ọ́, ìsọkúsọ ló wà nínú ẹ̀. Ẹ ṣáà máa jẹun. Mo bẹ̀ yín, ẹ máa jẹun.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin

Akọ̀wé mi,

Ọjọ́ kan náà ni ìwé méjèèjì wọlé, torí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ níbí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Irọ́ lè lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa lé e bá. Tìẹ ò tiẹ̀ rí ọ̀nà lọ rárá. Ti ọjọ́ kẹrìnlá ni mo kọ́kọ́ ṣí.

Mi ò bínú. Ọ̀pọ̀ ìyàwó tó gbẹ bí igi ìdáná ni mo ti sọ fún pé ara wọn kún dáadáa, kí inú wọn lè dùn lọ́jọ́ náà. Ibi tó o ti kọ́ ọ nìyẹn. Mo fi aṣọ náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yìí, bá mi gbé e fún awakọ̀ náà. Sọ fún un pé kò ṣe ohun tí ò dáa. Ó rí arúgbó tó ti rẹ̀, ó ṣe é lóore nítorí ọmọ ẹlòmíì. Mò ń gbàdúrà fún un lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ò sọ orúkọ ẹ̀ fún mi.

Mò ń jẹun o. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, Oníbàtà ni ẹlẹ́rìí mi, ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí kíákíá. Awakọ̀ yẹn ti sàn, ìyàwó ẹ̀ á ti mú un lọ sílé. Síbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé tó kọjá ni itan mi ti tún ń dín. Mọ́kànlélógún ni lọ́jọ́ Ajé. Ní Ọjọ́rú ó di ogún àti ààbọ̀. Ogún géérégé ni láàárọ̀ yìí.

Tí ojú mi bá sì pa dé lọ́sàn-án, kì í ṣe yàrá yín ni mò ń bá ara mi mọ́. Kò sí gílóòbù aláwọ̀ ewé. Fèrèsé ibẹ̀ ṣí, eruku ń wọlé. Bẹ́ẹ̀dì pọ̀ lọ súà, wọ́n sún mọ́ra, kò sì sẹ́ni tó ń kọjá láàárín wọn. Mò ń lọ láti orí bẹ́ẹ̀dì kan sí òmíràn pẹ̀lú téèpù, kì í ṣe òun, kì í ṣe òun, títí màá fi jí. Mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ.

Akọ̀wé, ìwọ lo mọ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yín káàkiri ayé. Kọ̀wé sí gbogbo wọn. Má fi sí ọ̀la. Ní kí wọ́n wá ọkùnrin kan tí apá ẹ̀ òsì fi íǹṣì kan gùn ju ọ̀tún lọ, ọrùn ẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ààbọ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ méjìdínlógún. Kí wọ́n má wo bó ṣe kákò sórí bẹ́ẹ̀dì, èèyàn ńlá ni. Sọ fún wọn pé bàbá ẹ̀ ní oúnjẹ tí wọ́n ń fún un ò tó o.

Bàbá yín